Ẹ̀kọ́ Kẹrin: Oko Ń Pè, Kànga Kò Tíì Mọ́

Fún àwọn ìdílé tí ń múra àtipadà sílé lẹ́yìn omíyalé

  A bá àwọn tí omi gba ẹbí lọ́wọ́ wọn kẹ́dùn gidigidi.

Ìbéèrè kan ni mò ń gbọ́ lẹ́nu yín lójoojúmọ́ báyìí, ní ibi tí a ti ń pín oúnjẹ àti lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì: "Omi ti fà. Kí ló tún kù tí a ń dúró dè?"

Ìbéèrè náà tọ́. Ilẹ̀ àkùrọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá gbin nǹkan sí i nígbà tí ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀, ó di ìgbà òjò mìíràn. Gbèsè sì ń bẹ lọ́rùn àwọn mìíràn. Nítorí náà, n kò ní sọ pé kí ẹ jókòó sí ibùdó títí láé. Ohun tí ẹ̀kọ́ yìí fẹ́ kọ́ wa ni pé kì í ṣe ọjọ́ tí omi fà ni a fi ń mọ ìgbà tí gbogbo ilé yóò padà. Iṣẹ́ tí a ti ṣe sí omi mímu, sí ṣáláńgá àti sí oúnjẹ inú ilé ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Oko ń pè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru dá dùbúlẹ̀ kò lè gbé ọkọ́.

Ibi tí omi náà ti wá

Odò Ògùn ti apá Ṣakí ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wá. Ó gba Abẹ́òkúta kọjá, ó sì ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Èkó. Kí ó tó dé Abẹ́òkúta ni odò Ọ̀yán ti ń dà sínú rẹ̀. Ní ọdún 1983 ni ìjọba ṣí ìsédò ńlá tí wọ́n kọ́ sórí Ọ̀yán, láti máa fi omi ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta àti Èkó. Bí òjò bá pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá tí adágún ẹ̀yìn ìsédò náà sì kún, wọ́n á ṣí ẹnu rẹ̀ kí ó má baà ya. Omi yẹn ló ń bá omi òjò pàdé, tí ó sì ń tàn sórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó wà nísàlẹ̀ odò, níbi tí ilé àti oko púpọ̀ wà.

Kì í ṣe àwa nìkan nìyí ṣẹlẹ̀ sí. Àwọn àgbà rántí bí Ògùnpa ṣe ba Ìbàdàn jẹ́ ní ọdún 1980. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò kan tún rọ̀ ní Ìbàdàn tí ó pa ènìyàn tó lé ní 100. Ní ọdún 2022, omíyalé pa ènìyàn tó lé ní 600 káàkiri Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé wọn.

Ṣùgbọ́n ikú kejì wà tí kì í pariwo bí omi. Ní ọdún 2021, ní orílẹ̀-èdè wa yìí kan náà, àwọn tí wọ́n fura pé àìsàn onígbáméjì pa lé ní 3,500. Omi ẹlẹ́gbin àti àìsí ṣáláńgá ló ń tan àìsàn náà ká. Ẹni tí omi kò gbé lọ, ohun tí omi fi sílẹ̀ lè gbé e lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ni

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí omíyalé ń ṣe gan-an. Omi wọ inú ṣáláńgá, ó gbé ìgbẹ́ jáde. Ó gba orí ààtàn kọjá, ó gba ibi tí òkú ẹran wà, ó gba yàrá tí oògùn apakòkòrò wà. Ó wá dà sínú kànga. Nígbà tí ó fà, ó fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ sínú kànga, sára ẹ̀fọ́, sínú àpò àgbàdo àti sórí ilẹ̀ tí ọmọdé ń rá lé lórí.

Láti ibẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù: láti ṣáláńgá sí kànga, láti kànga sí ẹnu, láti ẹnu padà sí ṣáláńgá. Iṣẹ́ wa ni láti gé ọ̀nà náà ní ibi tó bá ti rọrùn jù fún wa.

Omi mímu

Omi kànga tí omíyalé dé, ẹ kà á sí omi ẹlẹ́gbin, bí ó tilẹ̀ mọ́ lójú. Kòkòrò onígbáméjì àti ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun kò ṣeé fi ojú rí. Kí a tó mu omi náà, ọ̀nà mẹ́ta ló wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa lè tọ̀. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, bí omi bá rú, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ó tòrò, kí ẹ sì fi aṣọ mímọ́ tí ẹ ṣẹ́ po sẹ́ ẹ.

Ọ̀nà kìn-ín-ní ni síse. Ẹ gbé omi ka iná títí yóò fi hó yaya, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 1 ó kéré tán. Ẹ fi ìdérí bò ó kí ó tutù fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni oògùn omi tí a ń pín, irú bíi Water Guard. Ẹ lo ìwọ̀n tí ó wà lára ìgò tàbí páálí rẹ̀ gẹ́lẹ́, ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú 30 kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Omi tó bá rú máa ń sọ oògùn náà di aláìlágbára, ìdí nìyẹn tí a fi ń sẹ́ ẹ ṣáájú. Ẹni tí kò mọ ìwé kà, kí ó bi òṣìṣẹ́ wa léèrè. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ọ̀nà kẹta jẹ́ ti ẹni tí kò ní igi ìdáná, tí kò sì ní oògùn. Ẹ rọ omi tó tòrò sínú ìgò oníke tí kò ní àwọ̀, irú èyí tí wọ́n ń ta omi inú rẹ̀. Ẹ dé e, ẹ dá a dùbúlẹ̀ sórí páànù nínú oòrùn gangan fún wákàtí 6. Bí ìkùukùu bá bo oòrùn, kí ó wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 2. Oòrùn á pa kòkòrò inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó lè mú oògùn oko kúrò nínú omi. Bí omi bá ń rùn bí oògùn oko tàbí bí epo, ẹ má mu ún rárá. Kẹ́ẹ̀gì tí oògùn igbó tàbí oògùn kòkòrò ti wà nínú rẹ̀ rí kò gbọdọ̀ gba omi mímu láéláé, bó ti wù kí a fọ̀ ọ́ tó.

Kànga

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó sínú kànga láti fọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tó ṣì mu omi lè dà wó lé e lórí. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ afàmi tó ń lo epo bẹntiróòlù sínú kànga tàbí sétí ẹnu rẹ̀. Èéfín rẹ̀ kì í rùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pa ènìyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ohun tí ilé lè ṣe nìyí. Ẹ kó ìdọ̀tí ẹnu kànga kúrò. Ẹ tún etí rẹ̀ mọ kí ó ga ju ilẹ̀ lọ, kí àgbàrá má baà dà sínú rẹ̀ mọ́. Ẹ fi korobá tí a so mọ́ okùn fa omi inú rẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀. Bí a bá fà á tán lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri kànga lè ya. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe wọlé-wọlé ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ikọ̀ omi tiwa láti wọn oògùn sí i, nítorí pé bí omi inú kànga bá ti pọ̀ tó ni oògùn rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Títí wọn yóò fi sọ pé ó ti mọ́, omi rẹ̀ wà fún aṣọ fífọ̀ àti ilé fífọ̀. Ti mímu, ti oúnjẹ àti ti ẹnu fífọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a ti sè tàbí tí a ti fi oògùn sí.

Ṣáláńgá

Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ tuntun, ó gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga tó ẹsẹ̀ bàtà 100, ó sì dára kí ó wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ju kànga lọ. Bí ẹ bá ń gbẹ́ ẹ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí sun, ihò náà ti jìn jù nìyẹn. Ẹ lọ sí ilẹ̀ gíga. Kí ṣáláńgá tó parí, ẹ máa bo ìgbẹ́ mọ́lẹ̀ níbi tó jìnnà sí omi. Ìgbẹ́ ọmọ ọwọ́ náà wà nínú rẹ̀. A máa ń sọ pé ìgbẹ́ ọmọdé kò ní nǹkan ṣe, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń tan àìsàn jù nígbà mìíràn.

Ọṣẹ àti omi tó mọ́ lẹ́nu ọ̀nà ṣáláńgá àti níbi ìdáná jẹ́ oògùn tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Bí ọṣẹ kò bá sí, ẹ lo eérú.

Bí ìgbẹ́ gbuuru bá bẹ̀rẹ̀

Omi ara tó ń jáde ló ń pa aláìsàn onígbáméjì. Ó lè pa àgbàlagbà tó lágbára láàárín wákàtí díẹ̀. Nítorí náà, ẹ má dúró di ọ̀la. Àmì rẹ̀ ni ìgbẹ́ tó dà bí omi ìrẹsì, èébì, ojú tó jìn wọnú, àti àìtọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà bí ẹ ti ń múra àtigbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí a ti ń pò ó nìyí: lítà 1 omi tí a ti sè tó sì ti tutù, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí a rẹ́ lórí, àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ tí a rẹ́ lórí. Ẹ má fi kún iyọ̀ náà. Iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu fún ọmọdé. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n ti pò sínú páálí kékeré ní ilé ìwòsàn, òun ló dára jù. Ẹ máa fún un ní díẹ̀díẹ̀, léraléra, bí ó tilẹ̀ ń bì. Èyí tó bá kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù. Kí ìyá má ṣe gba ọmú lẹ́nu ọmọ. Ẹ béèrè fún síǹkì fún ọmọdé pẹ̀lú. Bí ọmọ bá ti pé oṣù 6, mílígíráàmù 20 ni wọ́n máa ń fún un lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14.

Kí ẹ sì sọ fún òṣìṣẹ́ ìlera ibùdó. Àwọn kan ń fi í pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n á yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹni kan tó fi í pamọ́ lè kó ran gbogbo ilà àgọ́ rẹ̀.

Ibà àti àtọ̀sí ajá

Lẹ́yìn ìkún omi, ibi gbogbo ló di ilé ẹ̀fọn. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, ẹyin ẹ̀fọn inú omi tó dúró á ti di ẹ̀fọn tó ń fò. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ da omi inú táyà, agolo àti ìkòkò fífọ́ nù, kí ẹ sì la ọ̀nà fún omi tó dúró sẹ́yìn ilé. Nẹ́ẹ̀tì tí a pín kì í ṣe fún ẹja pípa, kì í sì í ṣe fún dídá ọgbà ẹ̀fọ́. Ẹ gbé e lọ sílé, kí aboyún àti ọmọdé sì sùn lábẹ́ rẹ̀. Bí ara ẹnikẹ́ni bá gbóná, kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó di ọjọ́ kejì.

Àtọ̀sí ajá ni a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀, orúkọ tí à ń pè é ló sì fà á. Ẹni tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ máa ń rò pé wọ́n á ní ó ṣe ìṣekúṣe, ó sì máa ń dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú obìnrin tàbí ọkùnrin. Omi ni a ti ń kó o. Aláìsàn á tọ̀ sínú omi, ẹyin kòkòrò náà á pa, ọmọ inú rẹ̀ á sì wọ inú ìgbín kékeré kan tó ń gbé nínú omi tí kò yára ṣàn. Kòkòrò náà á pọ̀ sí i nínú ìgbín, á jáde padà sínú omi, á sì gba ara awọ wọ inú ẹni tó wọ odò, ní ọ̀sán gangan jù lọ.

Àwọn abúlé tó wà létí adágún Ọ̀yán ni wọ́n fi èyí kọ́gbọ́n. Lẹ́yìn tí wọ́n sé odò náà, omi tó ń ṣàn tẹ́lẹ̀ di èyí tó dúró, koríko hù sí i, ìgbín náà pọ̀, àtọ̀sí ajá sì gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọdé àti àwọn apẹja. Omi tó dúró sínú kòtò àti oko wa lẹ́yìn omíyalé lè ṣe bákan náà. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tọ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà. Praziquantel ni wọ́n ń pè é, ó sì ń wo ọ̀pọ̀ ènìyàn sàn.

Oúnjẹ tí omi fọwọ́ kàn

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le jù, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà sọ pé ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ìyá tó rí àpò àgbàdo rẹ̀ méjì tí omi kò gbé lọ, tí mo wá sọ fún un pé kí ó dà á nù, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Àgbàdo tó tutù máa ń bu. Ewú kan wà nínú rẹ̀ tó ń pèsè májèlé tó ń pa ẹ̀dọ̀ ènìyàn. Síse kò pa májèlé náà, fífọ̀ kò mú un kúrò, sísun kò sì tó o. Ní ọdún 2004, ní ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè Kẹ́ńyà, àwọn àgbẹ̀ kó àgbàdo tí kò gbẹ pamọ́ sínú ilé nítorí pé ebi ń bẹ lóde. Ènìyàn 317 ló ṣàìsàn, 125 nínú wọn sì kú. Àgbàdo oko wọn ni wọ́n jẹ, kì í ṣe májèlé ọ̀tá.

Nítorí náà, àgbàdo, ẹ̀wà, ìrẹsì, gaàrí àti èlùbọ́ tí omíyalé ti wọ inú àpò wọn, ẹ má jẹ wọ́n. Ẹ má fún adìẹ pẹ̀lú. Ẹ mú ìwọ̀n rẹ̀ wá sọ fún wa kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀ sórúkọ ilé yín, nítorí pé ilé tó da oúnjẹ nù yẹ kí ó gba òmíràn rọ́pò.

Èyí tí omi kò kàn rárá, tí ó kàn gba ọ̀rinrin, ẹ tún un sá. Ọ̀nà kan wà láti mọ̀ bóyá ó ti gbẹ tó. Ẹ mú ìgò gíláàsì gbígbẹ, ẹ rọ àgbàdo sí i dé ìdá kan nínú mẹ́ta, ẹ fi ṣíbí ìjẹun 2 tàbí 3 iyọ̀ gbígbẹ sí i. Ẹ dé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ sì gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, àgbàdo náà kò tíì gbẹ. Bí ìgò bá mọ́, ó ṣeé kó pamọ́.

Ẹ̀gẹ́ inú oko tí omi dúró lé lórí fún ọjọ́ díẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí rà. Ẹ tètè wú èyí tó ṣì le, ẹ fi omi mímọ́ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó bó o. Èyí tó ti rọ̀, tó ti yí àwọ̀ padà, tó sì ń rùn, ẹ jù ú nù. Èyí tó dára, ẹ ṣe é ní gaàrí tàbí láfún, ṣùgbọ́n ẹ má dín ọjọ́ tí ẹ fi ń rẹ ẹ́ tàbí tí ẹ fi ń jẹ́ kí ó kan kù nítorí ìkánjú. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní oró nínú, ọjọ́ rírẹ àti kíkan yẹn ló ń yọ ọ́. Iṣu tó le, tí ara rẹ̀ kò bẹ́, ṣeé jẹ bí a bá fọ̀ ọ́, tí a bó o, tí a sì sè é jinná. Ẹ̀fọ́ tí omi bò, ẹ má jẹ ẹ́.

Mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, mo pín àgbàdo jíjẹ àti àgbàdo gbíngbìn ní ọjọ́ kan náà, lórí tábìlì kan náà. Wọ́n ti fi oògùn kòkòrò pa èyí tó wà fún gbíngbìn, ó sì pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Àpò rẹ̀ kọ ọ́ pé kí a má jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ilé kan fọ tiwọn títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, wọ́n sì gbé e ka iná. Bàbá àgbẹ̀ kan tó wá tọrọ iná lọ́dọ̀ wọn ló rí omi pupa nílẹ̀, tó béèrè ohun tó jẹ́, tó sì ní kí wọ́n dà á nù kíákíá. Ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹ́. Mo kàwé gboyè lórí iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ ẹ̀dá, ṣùgbọ́n bàbá yẹn ló kọ́ mi pé ẹni tí ebi ń pa kì í ka àkọlé àpò. Láti ìgbà náà, ọjọ́ oúnjẹ yàtọ̀ sí ọjọ́ irúgbìn ní gbogbo ibùdó wa, a sì máa ń fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan pé: èyí tó ní àwọ̀, ilẹ̀ ló ni ín.

Oko

Omi tó ba oko jẹ́ náà ló fi ẹrọ̀fọ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ ní àwọn ibì kan. Ìdí nìyẹn tí àkùrọ̀ fi dára lẹ́yìn ìkún omi. Ṣùgbọ́n ẹ má kánjú fi ọkọ́ kan ilẹ̀ tó ṣì rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀. Yóò le bí òkúta nígbà tó bá gbẹ. Ẹ bu ekunwọ́ ilẹ̀, ẹ fún un. Bí ó bá dúró lọ́wọ́ bí ìṣù ẹ̀kọ, ẹ dúró. Bí ó bá fọ́ sí wẹ́wẹ́ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ṣiṣẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ gbin ohun tó ń yá. Tẹ̀tẹ̀ ṣeé já láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4, ewédú láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ilá máa ń so ní nǹkan bí oṣù 2, irú ẹ̀wà tó ń yá sì ń gbó láàárín oṣù 2 sí 3. Àgbàdo tó ń yá jù máa ń gbà tó ọjọ́ 80. Ọ̀dùnkún máa ń gbà oṣù 3 sí 4. Ẹ̀fọ́ àkọ́kọ́ yìí lè di oúnjẹ, ó sì lè di owó ọjà. Ẹ rí i pé a sè é jinná, a kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́ ní tútù, nítorí ilẹ̀ náà ṣì ní ìdọ̀tí omíyalé nínú. Ẹ wọ bàtà òjò tí a pín, kí ẹ sì fi igi gígùn tú pàǹtírí kí ẹ tó fi ọwọ́ kó o. Ejò náà sá fún omi. Abẹ́ pàǹtírí ló wà báyìí.

Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀, ẹ wá ilẹ̀ gíga fún un. Bí gbogbo ilẹ̀ yín bá wà létí odò, ẹ bá wa sọ̀rọ̀. À ń bá àwọn baálẹ̀ tó ní ilẹ̀ lókè sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ lórí yíyá ilẹ̀ fún ọdún kan. Kí a má tún kó gbogbo ẹyin wa sétí odò kan náà.

Ta ni yóò kọ́kọ́ padà?

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ilé pín ara rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Kí àgbàlagbà méjì tàbí mẹ́ta tí ara wọn dá kọ́kọ́ lọ. Kí aboyún, ọmọ ọwọ́, arúgbó àti aláìsàn dúró ní ibùdó. Ẹni tó lọ oko kò pàdánù oúnjẹ rẹ̀ níbí. Orúkọ ilé yín kò ní kúrò nínú ìwé wa nítorí pé ẹ lọ gbin ẹ̀fọ́. Mo tún un sọ nítorí pé ìbẹ̀rù èyí ló ń mú kí àwọn kan kó gbogbo ọmọ wọn lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kí wọ́n má lọ rárá.

Àwọn tó kọ́kọ́ lọ yóò ṣe iṣẹ́ márùn-ún:

1. Wọ́n á wo ògiri ilé. Ilé alámọ̀ tó mu omi lè wó nígbà tó bá ń gbẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sùn sínú èyí tó bá ti sán. Wọn kò gbọdọ̀ tan iná mànàmáná kí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó yẹ̀ ẹ́ wò.
2. Wọ́n á pèsè omi mímu: èyí tí a sè, tí a fi oògùn sí, tàbí tí a sá sóòrùn. Wọ́n á sì pe wọlé-wọlé sí kànga.
3. Wọ́n á gbẹ́ ṣáláńgá, tàbí kí wọ́n tún ti tẹ́lẹ̀ ṣe.
4. Wọ́n á kó oúnjẹ tó bàjẹ́ àti òkú ẹran jìnnà sí kànga, wọ́n á sì bò wọ́n mọ́lẹ̀.
5. Wọ́n á da omi tó dúró nù, wọ́n á sì so nẹ́ẹ̀tì.

Láàárín àkókò kan náà, oko ń lọ. Nígbà tí iṣẹ́ márààrún bá parí, tẹ̀tẹ̀ àkọ́kọ́ á ti ń hù. Nígbà náà ni kí àwọn ọmọ padà sílé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

Kí olórí ilà àgọ́ kọ̀ọ̀kan pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ ní ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì jọ dáhùn:

1. Ní àdúgbò wa, báwo ni kànga ṣe jìnnà sí ṣáláńgá tó? Ta ni yóò fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n?
2. Nínú ọ̀nà mẹ́ta tí a fi ń sọ omi di mímọ́, èwo ni ilé wa lè ṣe láìsan owó?
3. Oúnjẹ wo la ti kó pamọ́ tí omi ti kàn? Kí ló ń ṣòro fún wa láti dà á nù, kí ni a sì fẹ́ kí ibùdó fi rọ́pò rẹ̀?
4. Ta ni nínú ilé wa yóò kọ́kọ́ padà, ta ni yóò sì tọ́jú àwọn ọmọ níbí?

Ẹ mú ìdáhùn ìbéèrè kẹta àti kẹrin wá sí ọ́fíìsì wa, kí a lè fi pèsè oúnjẹ àti irúgbìn tó yẹ. Ẹni tí kò lè kọ ọ́, kí ó wá fi ẹnu sọ ọ́. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run yóò dá wa padà sílé ní àlàáfíà, ilé náà yóò sì gbà wá.